Òdòdó Tí Mo Já Dànù ní Àgbàlá Màmá Dọ́rà

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo kúrò ní Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, tí mo lọ bá ọmọ mi gbé ní Amẹ́ríkà. Ó ti tó ọdún méjì nígbà náà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọkọ mi sì ti ṣaláìsí. N kò ní ròyìn ọkọ̀ òfurufú àti ìwé ìrìnnà níhìn-ín. Ẹni tó ti rin ìrìn náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì tíì rìn ín yóò rí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ewé kan ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, àti ohun tí ọwọ́ mi ṣe sí i.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé n kò rí ilẹ̀. Koríko ló bo iwájú gbogbo ilé. Ní ọ̀dọ̀ wa, àgbàlá tó mọ́ ni èyí tí a gbá títí tí ojú ilẹ̀ fi ń dán, tí ipa ìgbálẹ̀ sì hàn lórí rẹ̀ bí ìlà inú ìwé. Koríko tó bá sún mọ́ ilé, ejò la máa ń rò.

Mo bi Fúnmi, ọmọ mi, léèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. "Ta ló ni oko yìí?"

"Màmá, kì í ṣe oko. Iwájú ilé wa ni."

"Iwájú ilé yín, ẹ ò sì ro ó?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro nǹkan kan o. Koríko ni wọ́n ń fẹ́ níbí. Tí a bá ro ó kanlẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa wá bi wá pé kí ló dé."

Mo gbé ọkọ́ tí mo rí lẹ́yìn ilé padà síbi tí mo ti mú un.

Ìkejì ni ìkíni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà ni mo kí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn kan bojú wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Lẹ́yìn oṣù kan, mo ti dín in kù. N kò sọ pé wọn kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ tiwọn yàtọ̀ ni, mo sì ti pẹ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́ débi tí mo fi mọ̀ pé ọmọ tí kò dáhùn kì í ṣe òmùgọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Nọ́ọ̀sì ni Fúnmi. Ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì dé nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Èmi àti ẹ̀rọ fíríjì la jọ ń gbé ilé. Mo mọ ìgbà tó ń kùn àti ìgbà tó ń dákẹ́. Nígbà tí mo rí i pé mo ti ń fetí sí fíríjì bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn, mo wá iṣẹ́ lọ.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí i, ní yàrá ìfọṣọ, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n máa ká aṣọ, kí n sì máa dá a padà fún olówó rẹ̀. Aṣọ àwọn ìyá àti bàbá náà ti dàrú mọ́ra wọn. Ẹni tó ní súwẹ́tà pupa ń wọ búlúù, inú sì ń bí i. Mo to pẹpẹ ibẹ̀ ní ìlànà orúkọ, bí mo ṣe máa ń to ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì ṣe ìwé kan tí mo ń fàmì sí. Kò pé oṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò fi wọ aṣọ ẹlòmíràn mọ́. Ọ̀gá wa, ọmọbìnrin tí mo lè bí, pe orúkọ mi gan-an níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì yìn mí. Mo fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un pé ní ìlú mi, ẹni tó kéré kì í pe àgbà lórúkọ. Ó tọrọ àforíjì tọkàntọkàn. Ní ọjọ́ kejì ó tún pè mí lórúkọ. Mo jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti àbúrò mi, Abẹ́bí, máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Inú agboolé wa ní Òkèrèwè ló ń gbé. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ló ń tà, Sábó ló sì ti ń rà wọ́n.

"Àǹtí mi, kí lẹ jẹ lọ́sàn-án yìí?"

"Búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì lọ́sàn-án gangan! Ṣé ẹ̀wọ̀n ni Fúnmi mú yín lọ ni?"

"Búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin ni."

"Háà, ẹ̀wọ̀n àwọn olówó nìyẹn."

Tí ó bá ti rẹ́rìn-ín tán, mo máa ń gbọ́ ìró ilé wa lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó ń fọ abọ́, ẹni tó ń pe ẹnì kan tí kò fẹ́ dáhùn. N kì í tètè pa fóònù náà.

*

Ìyá àgbà kan ń gbé ilé tó kángun sí tiwa. Dọ́rà ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, opó bíi tèmi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìlú tó jìnnà. Òun nìkan ló kan ilẹ̀kùn wa láti wá wò mí nígbà tí mo dé.

"Dọ́rà ni kí o máa pè mí," ó wí.

"N kò lè pe ẹni tó jù mí lọ tó báyìí lórúkọ. Màmá Dọ́rà ni n óò máa pè yín."

"Ṣé o ń sọ pé mo ti darúgbó ni?"

"Rárá o. Mo ń sọ pé ẹ ti dàgbà."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò sọ ọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ tèmi kò sì yí lẹ́nu rẹ̀, ó kàn ń pè mí ní Tíṣà.

Tíì tó kọ́kọ́ fún mi, ewé gbígbẹ ló fi pò ó. Bí mo ṣe gbé ife náà sẹ́nu, mo tún gbé e sílẹ̀. Òórùn ẹ̀fínrín ni. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ ìyá mi ló jáde nínú ife òyìnbó, ní ọjọ́ tí yìnyín ń bọ́ níta. Ó ní iwájú ilé òun ni ewé náà ti ń hù, pé ó ti wọlẹ̀ nítorí òtútù, yóò tún jáde bí ooru bá dé.

Ó jáde lóòótọ́. Àgbàlá Màmá Dọ́rà mọ́ ju ti gbogbo ènìyàn lọ ládùúgbò náà. Ó gé koríko rẹ̀ dọ́gba, ó to òkúta yí ebè kan ká ní iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú ebè yẹn ni ewé náà wà. Mo fọwọ́ kan igi rẹ̀, igun mẹ́rin ló ní, bíi ti ẹ̀fínrín gẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́ ní ẹ̀fínrín òyìnbó.

"Kì í ṣe ti òyìnbó o," Màmá Dọ́rà tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. "Ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Koríko tí ò ń tẹ̀ yẹn ni wọ́n kó irúgbìn rẹ̀ wá láti òkè òkun. Àwọn baba ńlá tèmi náà, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bá dé. Ewé yìí ni gbogbo wa bá níbí."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ọjọ́ púpọ̀. Koríko tí gbogbo wọn ń tọ́jú bí ọmọ onílé, àlejò ni. Ó ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó ń bi í níbi tó ti wá. Èmi, bí mo bá ti la ẹnu ní ilé ìtajà, wọn a bi mí. N kò bínú sí i. Mo kàn ṣàkíyèsí rẹ̀ ni.

Nígbà tí ìgbà ooru bẹ̀rẹ̀, Màmá Dọ́rà sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun ní eegun ìbàdí, àti pé òun yóò pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí òun tó padà. Ó gbé ike ìbomirin rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi tọ́jú ebè yẹn, Tíṣà. Òun ni n óò máa rò lórí ibùsùn. Mo fẹ́ dé bá a nígbà tí ẹwà rẹ̀ bá pé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," mo dáhùn. "A mọ irú ewé yìí ní ọ̀dọ̀ wa."

*

Ẹni tó bá gbin ẹ̀fínrín ní Ifẹ̀ mọ ohun tí a ń ṣe sí i. Bí ó bá ti fẹ́ yọ òdòdó, a ó já orí rẹ̀ dànù, kí agbára rẹ̀ lè wà lára ewé. Ìyá mi máa ń sọ pé ilé tí ẹ̀fínrín bá ti tanná lẹ́yìnkùlé, obìnrin ibẹ̀ kò dáná. Ewé ni ẹ̀fínrín. Òdòdó rẹ̀, ìdọ̀tí ni.

Nítorí náà, láràárọ̀, bí mo bá ti bomi rin ebè Màmá Dọ́rà tán, mo máa ń wo orí igi kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti ń di kókó, mo fi èékánná àtàǹpàkò ṣẹ́ ẹ. N kò fo ọjọ́ kan. Ewé náà ya ẹ̀ka, ó ṣú, ó sì dọ́gba bí orí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Abẹ́bí. "Àǹtí mi, ọwọ́ yín ò tíì kú!" ó wí, inú mi sì dùn fún odindi ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Màmá Dọ́rà dé, èmi àti Fúnmi ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Fúnmi dúró lójijì níwájú ebè náà.

"Màmá, òdòdó Màmá Dọ́rà dà?"

"Òdòdó wo? Mo ń já a dànù ni."

Ó gbé ọwọ́ lérí. "Gbogbo ẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ kó gbó ni?"

"Màmá, torí òdòdó yẹn ló ṣe gbìn ín! Àwọn oyin ló gbìn ín fún. Òun àti ọkọ ẹ̀ ni wọ́n jọ gbìn ín. Tó bá ti tanná báyìí, á gbé àga síta, á máa wo àwọn oyin àti labalábá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní àwọn oyin ò ríbi jẹun mọ́ ládùúgbò yìí, torí koríko ni gbogbo ẹ̀."

Ọdún mélòó ni mo fi dúró níwájú pátákó, tí mo ya òdòdó, tí mo ya oyin, tí mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ọ̀nà tí ìyẹ̀fun òdòdó ń gbà láti inú ọ̀kan dé inú èkejì? Mo ti kọ́ ọmọ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yẹn títí mo fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn, orí pátákó ló wà. Ẹ̀fínrín wà ní ọwọ́ mi, ọwọ́ mi kò sì bi orí mi léèrè.

Màmá Dọ́rà dé ní Ọjọ́bọ̀, ó ń fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn. Kò wọlé. Ó lọ tààrà síwájú ebè, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti to gbólóhùn tí n óò sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pàápàá.

"Ó dà bíi pé àgbọ̀nrín ti débí," ó wí.

Àgbọ̀nrín pọ̀ ní àdúgbò náà, wọ́n sì máa ń jẹ òdòdó àwọn ènìyàn. Gbólóhùn mi wà lẹ́nu mi. Mo wo irin tó fi ń rìn. Òun nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mo ní ní gbogbo ilẹ̀ náà.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," mo dáhùn.

*

Mo se mọ́ínmọ́ín, mo gbé e lọ fún un. Ní ọjọ́ kẹta mo tún se òmíràn. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, kò sì pè mí jókòó. Mo rò pé ìrora ni.

Ní Sátidé, mo sọ ọ́ fún Abẹ́bí. Mo rò pé yóò bá mi kẹ́dùn.

"Àgbọ̀nrín!" ó kígbe. "Ṣé àgbọ̀nrín ọ̀hún mọ̀ pé ẹ ti fi orúkọ òun sílẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Òun ló sọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà sì ṣe àmín. Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ká kúnlẹ̀ ká nawọ́ sókè tá a bá parọ́ kékeré!"

"Mo ti gbé mọ́ínmọ́ín lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì."

"Mọ́ínmọ́ín kì í jẹ́wọ́ fún èèyàn."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n ronú sí i. Ó ní kí ni mo fẹ́ rò níbẹ̀. Mo pa fóònù ṣáájú rẹ̀, ohun tí n kì í ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí mo ti ń kó ìdọ̀tí jáde, Màmá Dọ́rà pè mí láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń ka ìwé.

"Ọkùnrin kan ń bọ̀ lọ́la. Yóò hú ebè yìí, yóò sì tẹ́ koríko síbẹ̀. Àgbàlá mi yóò mọ́ bíi ti yín."

"Ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ gbìn ín," mo wí.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó dáhùn.

Mo gbé ike ìdọ̀tí sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Gbólóhùn tí mo kọ sínú ìwé ti sọnù lórí mi, nítorí náà mo sọ ọ́ bí ó ṣe wá. Mo ní kì í ṣe àgbọ̀nrín. Mo ní ọwọ́ mi ni, láràárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo sọ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀fínrín ní ìlú mi. Mo ní mo mọ̀ kí ó tó dé, mo sì dákẹ́. Orúnkún mi ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀, lórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ẹ̀rù bà á, ó ní kí n dìde, kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni mò ń wá nílẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ àgbà.

Nígbà tí mo ti jókòó, ó tẹjú mọ́ ebè náà.

"Àgbọ̀nrín kì í jẹ ewé yìí," ó wá sọ níkẹyìn. "Òórùn rẹ̀ ń lé wọn. Mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni láti ọjọ́ tí mo dé. Ojú kan náà ni wọ́n ti ṣẹ́ gbogbo ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi dárúkọ àgbọ̀nrín?"

"Kí o lè ní àyè láti sọ òótọ́. O ò sọ ọ́. Mo wá rò pé o kórìíra ebè náà, pé o rí i bí ìdọ̀tí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí o sọ. Ìgbà gbogbo lo ń sọ bí ẹ ṣe ń gbá àgbàlá yín títí tó fi ń dán. Mo ní bí àwọn oyin ò bá ní wá mọ́, tí ebè náà sì ń bí aládùúgbò mi nínú, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Mo wo àwọn orí igi tí mo ti ṣẹ́.

"Òdòdó yóò tún yọ," ó wí. "Kò bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o wo ojú mi, Tíṣà, o sì fún mi ní àgbọ̀nrín. Máa lọ sílé."

Mo lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé wa. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dé, koríko wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ká bí ẹní. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó lọ bá Màmá Dọ́rà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó tọ́ka sí ebè náà, obìnrin náà mi orí. Ó tún tọ́ka sí i. Màmá Dọ́rà tún mi orí. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó sì wakọ̀ lọ.

Màmá Dọ́rà kọjú sí fèrèsé wa bí ẹni tó ti mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Tíṣà! Ṣé o fẹ́ kí tíì yìí tutù ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń bomi rin ebè náà, òun a sì jókòó ti mi. Bí mo bá ti bomi rin ín tán, ó máa ń ní kí n káwọ́ sẹ́yìn kí n tó wo ewé náà. Mo ń ká a. Àwọn tó ń kọjá lọ kò mọ ìdí tí ìyá kan fi ń káwọ́ sẹ́yìn níwájú òdòdó bí ọmọ kíláàsì kejì. A kò ṣàlàyé fún wọn.

Òdòdó náà yọ nígbà tí ewé igi ti ń wọ́, tí òdòdó àwọn ẹlòmíràn ti tán. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín elésè àlùkò àti funfun, ó sì rí wúruwùru bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò pọ̀. Mo ka mọ́kànlá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oyin ńlá kan tó nírun lára bà lé ọ̀kan, ó wúwo débi pé igi òdòdó náà tẹ̀ sísàlẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e. Màmá Dọ́rà di ọwọ́ aṣọ mi mú. A wà níbẹ̀ títí òtútù fi lé wa wọlé.

*

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn kí n tó padà sí Òkèrèwè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ń gbé yàrá iwájú ilé wa báyìí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí òkè òkun. Wọ́n máa ń wá bi mí ní ìbéèrè. Wọ́n ń bi mí nípa aṣọ òtútù, nípa oúnjẹ, nípa irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni wọ́n, mo sì ń dá wọn lóhùn bí mo ti mọ. Kò tíì sí ẹni tó bi mí nípa ohun tó jù lọ, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ohun tó jọ ti ilé yín ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù níbẹ̀, nítorí ohun tó ṣàjèjì, ẹ ó béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ohun tó ń fi í ṣe. Bí ọwọ́ yín bá sì ti ṣe é kí ẹ tó mọ̀, ẹ tètè fi ẹnu ara yín sọ ọ́, kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í hú ohun tó fẹ́ràn nínú àgbàlá ara rẹ̀ nítorí yín.